Adé Páálí Tí Ọmọ Ọba Kò Gbọdọ̀ Dé

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà tí mo ń kọ́ kíláàsì karùn-ún ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ọ̀tà, láyé ìjọba Òyìnbó. Alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba rán ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì láti wo àwọn ọmọ wa nínú eré orí ìtàgé àtijọ́ kan. Láti ọjọ́ tí lẹ́tà rẹ̀ ti dé ni n kò ti lè jókòó jẹun tán.

Eré náà dá lórí ọba kan tó kọtí ikún sí ìránṣẹ́ tó mú ìròyìn ogun wá. Àwọn ọmọ ń kà á bí ẹni ń ka ìwé owó orí. Mo ní kí wọ́n pa ìwé dé. A lọ bu amọ̀ létí odò, a mọ ère gbogbo ẹni tó wà nínú eré, a sì ń sún wọn kiri lórí tábìlì bí a ti ń sọ ọ̀rọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ tó le lánàá wá rọ̀ lẹ́nu wọn. Lẹ́yìn náà, a fi páálí ṣe adé. Àwọn ọmọ fúnra wọn so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn kí ó lè bo ojú. Ọmọkùnrin tí ohùn rẹ̀ já gaara jù ni mo fi ṣe ọba.

Lọ́jọ́rú, ìyá àgbà ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbé àga fún un, kò jókòó.

“Tíṣà, ta ló ní kí ọmọ yìí dé adé?”

“Páálí ni, Màmá.”

“Ìlẹ̀kẹ̀ ńkọ́? Páálí náà ni?” Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ó wò wọ́n, wọ́n dákẹ́. “Ọmọ ilé wa kì í dé adé nígbà tí ọba ń bẹ lórí oyè. Wọn á ní ikú ọba la ń wá. Bó bá dé e, kò ní í wá síbí mọ́.”

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo mọ̀ pé ọmọ ọba ni. N kò kàn béèrè nǹkan kan ni.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo ń rìn lọ, mo ń rìn bọ̀ níwájú pátákó. Kò sí ọmọ mìíràn tó mọ ọ̀rọ̀ ọba. Ọmọbìnrin tó fi amọ̀ mọ ère ọba náà ló nawọ́.

“Tíṣà, ẹ gbé e lé ọba amọ̀ lórí. Òun kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni.”

A mọ ère ńlá kan, mo sì sáré lọ béèrè lọ́wọ́ Màmá. Ó ní: “Kó má ṣáà fọwọ́ kan adé náà.”

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọmọ náà dúró lẹ́yìn ère, ó ń sọ ọ̀rọ̀ ọba dípò rẹ̀. Màmá ń wò láti ojú fèrèsé. Amọ̀ kò tíì gbẹ. Bí ìránṣẹ́ ti ń wọlé ni ọrùn ọba bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀, tí adé sì ń yọ̀ bọ̀. Ọmọ náà nawọ́. Ó rántí, ó fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ láìkọsẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn ló sáré gba adé mú.

Ohun tí alábẹ̀wò kọ, n kò rántí dáadáa mọ́. Ní ọjọ́ Ajé, kí n tó pe orúkọ ni mo ti wo àga ọmọ náà. Ó ti jókòó síbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní eré, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n: kí ẹ tó gbé nǹkan lé ọmọ lórí, ẹ kọ́kọ́ béèrè nílé rẹ̀.