Èéfín Mówà Ilé-Ìwé

Mo rántí ìgbà tí èéfín bo pápá ilé-ìwé wa ní Ìkirè bí ìgbà tí wọ́n bá dáná sun oko. Mówà tí a fi ń gé koríko ló ń rú u. Èmi ni mo ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ àti gbogbo ohun tó bá ti ní ẹ́ńjìnnì níbẹ̀, àwọn olùkọ́ sì ń pè mí ní ẹnjiníà. Orúkọ náà dùn mọ́ mi ju bó ti yẹ lọ. Bàbá tó ń gé koríko, ará Àpòmù, ti ń ti mówà yẹn kiri kí wọ́n tó gbà mí síṣẹ́ rárá.

Ọ̀gá àgbà jáde, ó fi áńkáṣíìfù bo imú, ó bi mí pé ta ló bà á jẹ́. Èmi ẹnjiníà kò tíì tú bóòtù kan ṣoṣo lára rẹ̀. Mo ní ọ́ìlì àlòkù ni bàbá ń dà sí i, ríìnì tó yẹ kó dá ọ́ìlì dúró nínú rẹ̀ ti jẹ tán.

Bàbá kò pariwo. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ bi í bó ṣe gbé e dé lánàá."

"Bàbá, koríko lẹ mọ̀," ni mo dá a lóhùn. "Ẹ fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ fún wa."

Àwọn olùkọ́ kan rẹ́rìn-ín. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọ̀gá tiẹ̀ gbọ́ tẹnu àwa méjèèjì, irọ́ tèmi ló mú.

Lẹ́yìn tí bàbá ti lọ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ẹ́ńjìnnì náà. Mo yọ púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí i, ọ́ìlì bò ó. Mo ṣí ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́, fóòmù inú rẹ̀ rin gbingbin fún ọ́ìlì tó mọ́, tí kì í ṣe àlòkù rárá. Mo wá rántí bí mo ṣe gbé e dé. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, mo gbé mówà lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kan tó ń jó irin ní Àpòmù kó bá wa pọ́n abẹ rẹ̀, mo sì fi ẹ̀gbẹ́ tẹ́ ẹ sórí ọ̀kadà bọ̀ wá sí ilé-ìwé, ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́ dojú kọlẹ̀. Gbogbo ọ̀nà yẹn ni ọ́ìlì fi ń ṣàn lọ síbi tí kò yẹ kó dé. Mo fọ fóòmù, mo sá a, mo fa okùn tí a fi ń tan ẹ́ńjìnnì títí ọ́ìlì fi tú jáde tán, mo dá púlọ́ọ̀gì padà. Mo tan án, ó rú èéfín díẹ̀, èéfín náà sì dá. Ríìnì kankan kò jẹ.

Mo lè jẹ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn, ìtìjú ni kò jẹ́. Mo sọ fún ọ̀gá pé mo ti pààrọ̀ ríìnì, ó sì yìn mí lójú gbogbo olùkọ́.

Ó tó oṣù mẹ́jọ kí n tó wá bàbá lọ sí Àpòmù. Bàbá ti kú. Ìyàwó rẹ̀ gbé àga fún mi. Ó ní, "Títí tó fi kú ló ń sọ pé òun kọ́ ló ba mówà yẹn jẹ́. Ìwọ nìkan lo wá láti ilé-ìwé. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí wọ́n parọ́ mọ́ ọ."

Mo ní àmín.

Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi báyìí. Bí wọ́n bá gbé mówà tó ń rú èéfín wá, ohun tí mo kọ́kọ́ ń béèrè ni bí wọ́n ṣe gbé e dé. Ìbéèrè bàbá ni. Ìyàwó bàbá náà ti kú, òní ni mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ìtàn yìí dáhùn ìbéèrè náà.