Orúkọ Mi Nínú Kùrukùru

Ìyá wa, tí wọ́n ń ta iṣu ní Rye Lane ní Peckham, nínú ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ní òfin kan: bí o bá gbọ́ orúkọ rẹ nínú igbó, tí o ò rí ẹni tó ń pè ọ́, má dáhùn. Òfin yẹn máa ń bí mi nínú. Igbó wo ló wà ní Peckham?

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní abúlé tí wọ́n ń gbé ní Jámánì. Wọ́n mú mi lọ wo àwọn adágún omi ibẹ̀. Àbàtà dúdú ló yí wọn ká, orí pákó tóóró lèèyàn ń rìn. Mo dúró ya fọ́tò. Kí n tó gbójú sókè, kùrukùru ti bo gbogbo ibẹ̀, n ò rí ẹ̀gbọ́n mi mọ́.

Mo kígbe pè wọ́n, kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo ṣi ẹsẹ̀ gbé, ó rì wọnú ẹrẹ̀ dé orúnkún. Bí mo ṣe fà á yọ ni mo gbọ́ orúkọ mi lẹ́yìn mi. Ó jọ ohùn ẹ̀gbọ́n mi. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù jù. Mo fọwọ́ bo ẹnu.

Nígbà tí kùrukùru ká, mo rí wọn nítòsí, wọ́n jókòó sórí pákó, ọwọ́ wọn méjèèjì bo ẹnu.

Mo jágbe mọ́ wọn: “Mo pè yín, ẹ ò dáhùn!”

“Ìwọ tí mo pè ńkọ́, ṣé o dáhùn?”