Káfíńtà Tí Kò Gba Ọgbọọgba Gbọ́

Tábìlì ọ̀gá ilé ìwé ni gbogbo ayé fi mọ olóògbé yìí. Ọ̀gá ní kó ṣe tábìlì kan fún ọ́fíìsì òun. Nígbà tó gbé e dé, àwọn olùkọ́ rí i pé ẹsẹ̀ kan gùn ju mẹ́ta yòókù lọ, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀.

"Bàbá, ẹsẹ̀ tábìlì yìí ò dọ́gba!"

"Ilẹ̀ ọ́fíìsì yín ńkọ́, ọ̀gá? Ṣé òun dọ́gba ni?"

Ó gbé tábìlì sí igun tó ti wọ̀n tẹ́lẹ̀, ó bu omi kún ife dẹ́nudẹ́nu, ó gbé ife lé e lórí, ó sì ní kí olùkọ́ tó sanra jù níbẹ̀ fi ìgúnpá méjèèjì tẹ̀ ẹ́. Omi ò dà, tábìlì ò mì. Ọ̀gá dúpẹ́ dúpẹ́. Ọdún kan lẹ́yìn náà, wọ́n gbé ọ̀gá lọ sí ọ́fíìsì mìíràn, ó gbé tábìlì rẹ̀ dání, tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ó ránṣẹ́ pe káfíńtà. Káfíńtà náà ránṣẹ́ padà pé, "Ẹ sọ fún ọ̀gá kí wọ́n padà sí ọ́fíìsì wọn."

Láti ọjọ́ náà la ti ń pè é ní Kòdọ́gba. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn ju èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Káfíńtà mìíràn á wọn igi. Òun á kọ́kọ́ wọn ilẹ̀. Ó ní ọmọ irin róbótó kan tó yọ lára bẹ́árìn kẹ̀kẹ́ àtijọ́, àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló máa ń wà. Tó bá dé ilé oníbàárà, á kúnlẹ̀, á jù ú sílẹ̀, á máa wò ó. Ibi tó bá yí sí ló rẹlẹ̀, ibẹ̀ sì ni ẹsẹ̀ gígùn máa wà.

Ìka ò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí, ohun tí gbogbo wa sì fi ń tu ara wa nínú nìyẹn. Ìdùnnú ni ti Kòdọ́gba. "Ká ní ìka dọ́gba ni," á ní, "báwo lẹ ṣe fẹ́ di òòlù mú? Ẹ tún wo òòlù ọ̀hún fúnra rẹ̀. Ojú kan ń gbá ìṣó wọlé, ojú kejì ń fà á yọ. Bí ojú méjèèjì bá jọra, ta ni yóò bá yín fa ìṣó tó wọ́ yọ?" Á wá kọjú sí aládùúgbò rẹ̀ tó ń gé kọ́kọ́rọ́: "Ìwọ náà sọ ọ́. Kọ́kọ́rọ́ tí gbogbo eyín rẹ̀ bá ga bákan náà, ilẹ̀kùn ta ló fẹ́ ṣí?"

"Bàbá, ẹ jẹ́ n jẹun," ni agékọ́kọ́rọ́ á wí.

Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló tún da epo sí iná. Ó ṣèèṣì sọ fún un lọ́jọ́ kan pé ọkàn èèyàn kì í wà láàárín gbùngbùn àyà, ó máa ń tẹ̀ sí òsì, ẹ̀dọ̀fóró apá òsì sì kéré díẹ̀ kí ọkàn lè ráyè. Odindi oṣù kan ni bàbá fi ń fìka gún àwọn ará àdúgbò láyà. "Òsì! Òsì ló tẹ̀ sí! Ẹlẹ́dàá gan-an ò lo rúlà!"

Ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi ju ìyàwó rẹ̀ lọ, ìyẹn náà sì wà lára ohun tó fi ń yangàn. Ìyá kì í gbà fún un. "Ẹ dàgbà jù mí lọ ni," á ní, "ẹ ò gbọ́n jù mí lọ."

Nígbà tí orúnkún ọ̀tún ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, tí kò lè dìde mọ́ àfi kí èèyàn fà á, Kòdọ́gba kan àga kan fún un. Àga náà burẹ́wà. Apá òsì ga, ó sì nípọn, kí ìyá lè fọwọ́ tì í dìde. Apá ọ̀tún kúrú. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan gùn nítorí ibi tí ilẹ̀ pálọ̀ wọn ti jìn. Àlejò tó bá jókòó lé e á rò pé ara òun ò yá. Ìyá nìkan ló bá mu, orí rẹ̀ nìkan ni ìyá sì ti ń dá dìde.

Ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì kó wọ ilé tuntun, ó pe dókítà àgbà ibi iṣẹ́ rẹ̀ wá mu ohun tútù. Wọ́n ń yin ilẹ̀ táìsì tó ń dán bíi dígí lọ́wọ́, àfi bí bàbá ṣe kúnlẹ̀ tó ju ọmọ irin sílẹ̀. Irin yí gbirigbiri, ó wọ abẹ́ àga dókítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bàbá rákò tẹ̀ lé e.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún."

Dókítà gbé e.

"Ẹ ṣé. Ó ku ti òsì."

"Bàbá mi!" ni nọ́ọ̀sì pariwo.

Bàbá dìde, inú rẹ̀ ń dùn. "Ẹ bá mi yọ̀ o! Ilé ọmọ mi náà ò dọ́gba!"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni nọ́ọ̀sì ò fi bá a sọ ju "ẹ kúulé" àti "ó dàbọ̀" lọ. Ojú tì í gan-an. Kòdọ́gba ò bẹ̀bẹ̀, kò sì ṣàlàyé. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń gbẹ́ igi.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ló kú, wọ́ọ́rọ́wọ́, lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Nọ́ọ̀sì ní ìyá ò lè dá gbé. Ìyá gbà láti bá a lọ, ṣùgbọ́n ó fi àdéhùn kan sí i.

"Àga mi ń bá mi lọ. Bí àga mi ò bá jókòó nílé rẹ, èmi náà ò ní jókòó. Màá padà sílé mi."

Wọ́n gbé àga dé, àga ò sì jókòó. Ó ń fì síwájú, ó ń fì sẹ́yìn lórí táìsì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá gbìyànjú láti dìde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Nọ́ọ̀sì ká páálí sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, páálí ń yọ̀. Ìyá ti ń wo báàgì rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì tú. Ẹ̀rù ba nọ́ọ̀sì, ó lọ mú ayùn.

"Màámi, ẹ jẹ́ n gé ẹsẹ̀ gígùn yìí."

"Kọ́kọ́ gé tèmi ná."

Nọ́ọ̀sì dojú àga délẹ̀ kó lè wò ó dáadáa. Ìgbà náà ló rí àpò aṣọ kékeré kan tí wọ́n kàn mọ́ abẹ́ ìjókòó. Igi pẹlẹbẹ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, wọ́n gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní kòtò láàárín kí ẹsẹ̀ àga lè wọ̀ ọ́ bíi bàtà. Kò sí èyí tó nípọn tó ìkejì. Nọ́ńbà wà lára wọn, nọ́ńbà kan náà sì wà lára ẹsẹ̀ àga. Lára èyí tó nípọn jù, bàbá fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ gàdàgbà pé: Ilé ọmọ mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ibi tí dókítà jókòó sí.

Nọ́ọ̀sì kà á, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rántí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ẹ̀rín sì di ẹkún mọ́ ọn lẹ́nu. Ó wọ bàtà fún àga, ó gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àga dúró gbọn-in. Ìyá jókòó, ó fọwọ́ òsì ti apá tó ga, ó dá dìde. Ó tún jókòó.

"Màámi, kí ló dé tí Bàbá ò sọ fún mi pé torí yín ni?"

"Kí ló fẹ́ sọ? Ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi jù mí lọ. Ó mọ̀ pé a ò ní í jọ lọ lọ́jọ́ kan náà."

Ìyá fọwọ́ pa apá àga náà jẹ́jẹ́, títí dé ibi tó ti nípọn jù.

"Ó yá," ó ní, "lọ bá mi tú báàgì mi."