Ẹni Tó Ṣílẹ̀kùn fún Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè, èmi àti ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, a máa ń jókòó ti tẹlifíṣọ̀n nínú fúláàtì wa ní Thamesmead, a ó máa wo fíìmù ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí wọ́n ṣe nígbà ogun àgbáyé kejì. Nínú àwọn fíìmù yẹn, iṣẹ́ mẹ́ta péré ni èèyàn dúdú ń ṣe: kó wa mọ́tò, kó ṣílẹ̀kùn, kó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ tó bá rí òkú. Gbogbo ìgbà ni ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Lọ́jọ́ kan, ọmọ mi bi mí pé, "Daddy, kí ló dé tí uncle yẹn always máa ń gbọ̀n?"

Mo ní òtútù ló ń mú un. Irọ́ náà ò dùn mọ́ mi nínú, ṣùgbọ́n kí ni ǹ bá sọ?

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Woolwich ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Àwọn arúgbó wa fẹ́ràn fíìmù wọ̀nyẹn bí ojú, ni ọ̀gá wa obìnrin bá kọ eré kan tó jọ wọ́n, ó ní àwa òṣìṣẹ́ la máa ṣe é. Òun fúnra rẹ̀ ṣe opó olóògbé. Alásè wa, òyìnbó kan tó sanra dáadáa, di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ta ló máa ṣe ọmọ ọ̀dọ̀? Ẹ má wulẹ̀ ronú jìnnà. Ìwé pélébé kan ni wọ́n fún mi, ìlà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." "Ẹ máa bọ̀ níbí, sà." Ìkẹta kì í ṣe ọ̀rọ̀ rárá: tí mo bá rí òkú, kí n figbe ta, kí n sá.

Mo fẹ́ kọ̀, àmọ́ ọmọ mi ti ròyìn fún gbogbo kíláàsì rẹ̀ pé bàbá òun ń ṣe eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Lọ́jọ́ eré, iwájú pátápátá ló jókòó, láàárín àwọn arúgbó orí kẹ̀kẹ́. Ẹ̀rù bà mí pé èmi náà ló fẹ́ wò báyìí níbi tí mo ti ń gbọ̀n.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kanlẹ̀kùn, mo ṣí i. Ibi tó yẹ kí n ti ní "Ẹ máa bọ̀ níbí" ni ojú èmi àti ọmọ mi ti ṣe mẹ́rin, ẹ̀kọ́ ilé bá gbé mi wọ̀. Èèyàn á ti ọ̀nà jìnnà dé, n ó kàn máa tì í wọlé? Mo kí i káàbọ̀. Mo béèrè ọ̀nà, mo béèrè ìyàwó, mo béèrè bóyá bọ́ǹbù jẹ́ kí wọ́n sùn. Mo fún un ní àga, mo bu omi fún un. Alásè ń wo ọ̀gá wa bóyá ó máa gba òun sílẹ̀. Nígbà tí kò rí ìrànlọ́wọ́, ó mu omi náà tán. Àwọn arúgbó bú sẹ́rìn-ín.

A wá dé ìdí òkú. Awakọ̀ ilé ìtọ́jú wa, tó ṣe olóògbé, ló nà gbalaja sílẹ̀, ọbẹ̀ tòmátò tí a fi ṣe ẹ̀jẹ̀ wà láyà rẹ̀. Kí n figbe ta? Èmi tí wọ́n máa ń pè nígbàkúùgbà tí arúgbó kan bá jáde láyé níbẹ̀? Mo kúnlẹ̀, mo pa á lójú dé, mo fi aṣọ tábìlì bò ó, mo ní ó dìgbóṣe. Òkú ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ aṣọ.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kọjú sí opó, ó fẹ́ máa bi í léèrè ọ̀rọ̀. Màmá arúgbó kan, tó ti ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé olówó nígbà ogun yẹn, sọ̀rọ̀ láti orí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ pé, "Ọkùnrin yẹn ni kó o bi. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn, òun ló ń fọ aṣọ wọn. Gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe nílé tí mo ti ṣiṣẹ́ ni mo mọ̀, ẹnikẹ́ni ò bi mí rí."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Alásè ní, "Ó dáa, ta ló pa á?"

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìwé pélébé tèmi ò sọ ẹni tó pa á. Mo nàka sí ọ̀gá wa, nítorí pé ọdún Kérésì méjì tẹ̀léra ló ti fi mí síṣẹ́ tí kò jẹ́ kí n sinmi nílé. Àwọn arúgbó pàtẹ́wọ́, wọ́n ní kí wọ́n mú un. Nígbà tí kò rí ọ̀nà míì, ó jẹ́wọ́. Eré wákàtí kan parí ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa lọ sílé, ọmọ mi ní, "Daddy, òtútù ò mú ẹ lónìí?"

"Kò mú mi."

"Uncle inú TV yẹn náà, kì í ṣe òtútù, àbí?"

Mi ò lè purọ́ fún un mọ́. Mo ní, "Rárá. Wọ́n ní kó máa gbọ̀n ni."