Ilẹ̀ Baba Wa Tí Wọ́n Fi Ṣeré Nílé Ìwé

Ilé ìwé ọmọ ọmọ mi wà nínú ẹ̀sítéètì kan l'Ájàh. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ nípa ojú ọjọ́ tó ń yí padà àti irú iná tó yẹ kí ìjọba máa lò. Eré ni wọ́n fi kọ́ wọn. Ọmọ kan di mínísítà, òmíràn di oníléeṣẹ́ epo, òmíràn di òyìnbó tó fẹ́ ṣèrànwọ́. Tèmi, tó ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí, ni wọ́n ní kó ṣe obìnrin elẹ́ja etí òkun. Wọ́n rò pé iyì ni wọ́n fún un.

Mo ń yọ eegun ẹja ní kíṣìnì nígbà tí mo gbọ́ tó ń há ọ̀rọ̀ ẹ̀ sórí: "A gbà. A ó kó kúrò nílẹ̀ baba wa, kí wọ́n lè to sólà síbẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ìlú."

Mo pè é. "Ta ló ní kó o sọ bẹ́ẹ̀?"

"Tíṣà wa ni, Màmá."

"Nílé tiwa, a kì í fẹnu ara ẹni kọ ilẹ̀ baba ẹni, ì báà ṣe ẹ̀fẹ̀. Àwọn tá a sin síbẹ̀ kò mọ̀ pé eré ni."

"Tí mi ò bá sọ ọ́, wọ́n á yọ máàkì mi."

Mo padà sídìí ẹja mi. Ẹnu ẹ̀ ni.

Nígbà tó dọjọ́ eré, ẹ̀rọ amúlétutù gbọ̀ngàn ilé ìwé yẹn tutù bí ibi tí wọ́n ń kó ẹja yìnyín sí. Jẹnẹrétọ̀ ń bú lẹ́yìn ògiri. Níta, àwọn dẹ́rẹ́bà jókòó sínú mọ́tò tí wọn ò paná, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí wọn. Inú gbogbo ìyẹn la jókòó sí tí wọ́n ń sọ fún wa pé igi tá a fi ń yan ẹja ló ń ba ayé jẹ́.

Ni àwọn elẹ́ja bá wọlé, aṣọ àpò ya mọ́ wọn lára, èédú lójú wọn. Láti kékeré ni mo ti ń yan ẹja, mi ò rí elẹ́ja tó wọ àkísà lọ bá ìjọba rí. Mo yíjú sí ọmọ mi ọkùnrin, bàbá ọmọ náà.

"Ṣé elẹ́ja ni wọ́n ní kí wọ́n ṣe, àbí wèrè?"

"Màámi, ẹ rọra sọ̀rọ̀."

"Mo ti rọra. Jẹnẹrétọ̀ wọn ni ò rọra."

Mínísítà, ọmọ kékeré kan tí kóòtù bàbá ẹ̀ bò dé orúnkún, bi wọ́n bóyá wọ́n gbà láti kó kúrò. Ó kan ọmọ ọmọ mi. Tíṣà ń sọ ọ́ sí i lẹ́nu láti ẹ̀gbẹ́, kò gbà á. Ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ẹ jókòó, ọ̀gá. A kì í dúró sọ̀rọ̀ ilẹ̀."

Bá a ṣe ń ṣe é ní Ìbẹjú, ìlú wa, nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ mi ló máa ń jókòó sí nípàdé ẹbí. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Mínísítà wo tíṣà, ó wo ọmọ mi, ó jókòó sórí kóòtù bàbá ẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé nìyẹn.

Ọmọ mi ní, "Àwọn àgbà wa ò tíì pé. Ẹ padà wá."

Tíṣà bá gbé maíkì, ó ní àkókò ti lọ, kí wọ́n dìbò. Wọ́n nawọ́. Wọ́n ní abúlé ti kó lọ nìyẹn. Àwọn òbí pàtẹ́wọ́ bí ẹni tí wọ́n bímọ fún.

Lẹ́yìn náà, tíṣà wá kí wa. "Màmá, ẹ kú ìjókòó. Ọmọ yín gbọ́n, ṣùgbọ́n kò tẹ̀ lé iṣẹ́ tá a fún un. Máàkì ẹ̀ máa dín. À ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fẹnu kò ni."

Mo ní, "Ẹ̀yin sì ti fẹnu kò. Ẹ yọ máàkì yín."

Nínú mọ́tò, bàbá ẹ̀ ń kùn nípa máàkì títí a fi kọjá Lakowe. Ọmọ náà ò wò ó. Èmi ló bi.

"Màmá, ṣé wọ́n ti gba ilẹ̀ náà?"

"Wọ́n gbà á. Àmọ́ kì í ṣe ìwọ lo fún wọn."