Ilẹ̀kùn Tí À Ń Dọ̀bálẹ̀ Fún

Obìnrin Yorùbá kì í dọ̀bálẹ̀, ìkúnlẹ̀ ni tiwa. Ṣùgbọ́n nínú fúláàtì wa ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ìyá mi máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ilẹ̀kùn. Bí ẹnikẹ́ni bá ti kanlẹ̀kùn láìkọ́kọ́ pè, gbì! Mummy ti wà nílẹ̀, èmi àti àbúrò mi obìnrin á sì tẹ̀ lé wọn. Ìlú yìí ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí, a ní pásípọ́ọ̀tù. Mummy ni wọn ò níwèé, ẹ̀rù àwọn Immigration ló sì ń gbé gbogbo wa lulẹ̀.

Aunty kan láti Bòlífíà ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ògiri kan ṣoṣo ló là wá láàárín. Ọkọ wọn níwèé, ọmọ wọn níwèé, Aunty fúnra wọn ni wọn ò ní. Tí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn tiwọn, àwa náà máa ń gbọ́ gbì! Mummy á ní, "Pẹ̀lẹ́ o, Aunty," bí ẹni pé ògiri á jíṣẹ́.

Nígbà tó yá, Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń fúnni níwèé, kọ̀wé pé káàdì ìgbélùú tí Mummy ti ń tọrọ ti jáde, pé ẹnìkan máa gbé e wá, a sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ọkùnrin náà dé. A dọ̀bálẹ̀. Ó ju ìwé sílẹ̀ pé òun ń bọ̀ lọ́la, tí kò bá tún bá wa, òun á dá a padà.

Lọ́jọ́ kejì, Mummy gbé àga síwájú ilẹ̀kùn, wọ́n wé gèlè. "Lónìí, I'm not moving!" Gbàn, gbàn, gbàn! Gbì! Tàgatàga ni wọ́n ṣubú. Mo fẹ́ dìde, wọ́n di ẹsẹ̀ mi mú.

"Mummy, it's your card!"

"Shut up jọ̀ọ́! Tó bá jẹ́ trap ńkọ́?"

Ìgbà náà la gbọ́ tí ilẹ̀kùn Aunty ṣí. Ilẹ̀kùn yẹn kò ṣí fún àlejò rí. Mo rákò lọ yọjú níbi ihò lẹ́tà ara ilẹ̀kùn, mo rí ẹsẹ̀ Aunty láìsí bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọkùnrin náà.

"Me, I sign," ni wọ́n wí. "She is my sister."

Mummy sáré jáde, wọ́n kúnlẹ̀ láti dúpẹ́. Bí Aunty ṣe rí wọn nílẹ̀, wọ́n rò pé ẹnìkan tún ti kanlẹ̀kùn ni, àwọn náà bá dọ̀bálẹ̀.

Mummy ti níwèé báyìí. Síbẹ̀, lánàá, àwọn kan wá kan ilẹ̀kùn Aunty, a gbọ́ gbì lọ́hùn-ún. Gbì! Mummy náà ti wà nílẹ̀.

"Mummy, you've got papers now!"

Wọn ò tiẹ̀ gbórí sókè. "Ṣé Aunty nìkan ni kó wá máa dọ̀bálẹ̀ ni?"