Àba Méjì Tí Kò Sí Nínú Ètò Ìnáwó

Ọjọ́ Ajé ni lẹ́tà náà dé, láti ìgbà náà ni oúnjẹ kò ti lọ lọ́fun Motọ́lání Bámijókò mọ́. Kì í ṣe lẹ́tà burúkú. Àjọ kan l'Ádó tó ń fi owó ran àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké lọ́wọ́ ló kọ ọ́. Wọ́n ní àwọn ti ka ètò ìnáwó tó fi ránṣẹ́, iṣẹ́ náà wu àwọn, òṣìṣẹ́ àwọn kan yóò sì wá sí Èmùré ní Ọjọ́bọ̀ láti bá a yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yọ lẹ́yọ. "Lẹ́yọ lẹ́yọ" yẹn ló ń já a láyà.

Motọ́lání ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi gbẹ̀bí ní ọsibítù ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì. Lọ́dún méjì sẹ́yìn ló dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: bí ọmọ bá ń mú obìnrin ní àba, láàárín oko kòkó níbi tí mọ́tò kì í dé, wọ́n á pe Motọ́lání lórí fóònù, òun á sì rán ọlọ́kadà lọ gbé e wá sí ọsibítù. Àba márùn-ún ló ń ṣe é fún. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ló ń ná sí i, nígbà tí owó náà bá wọlé. Oṣù kẹta ọdún yìí ni wọ́n forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ìyẹn ni wọ́n fi lè tọrọ owó níbikíbi.

Kí ló wá ń bà á lẹ́rù? Irọ́ wà nínú ètò ìnáwó náà.

Elijah Ògúnyẹmí, akápò ẹgbẹ́, ló kọ ọ́. Àkáǹtì ló ṣe ní káńsù kó tó fẹ̀yìn tì, Bàbá Káńsù ni gbogbo àdúgbò sì ń pè é títí dòní. Ó wo ohun tí Motọ́lání kọ́kọ́ kọ, mílíọ̀nù kan ó lé igba ẹgbẹ̀rún náírà fún ọdún kan, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní ní gbogbo ọdún tí òun lò ní káńsù, wọn kò fún àwọn ní ju ìdajì ohun tí àwọn béèrè rí. Bó ṣe sọ gbogbo rẹ̀ di ìlọ́po méjì nìyẹn. Owó ọ̀kadà ẹ̀ẹ̀kan, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà, di ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ. Yàrá tí wọ́n háyà ṣe ọ́fíìsì ní ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún di igba. Motọ́lání sì buwọ́ lù ú.

Lọ́jọ́rú ó lọ bá a nílé, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn pe Adó, kí àwọn sọ pé àṣìṣe wà níbẹ̀.

"Ẹ fara balẹ̀, Ìyá Nọ́ọ̀sì," ni Bàbá Káńsù wí. "Àwọn náà mọ̀ pé a fi kún un. Bí a ò bá fi kún un, wọ́n á ní a ò mọ iṣẹ́."

"Bí wọ́n bá béèrè lọ́wọ́ ọlọ́kadà ńkọ́?"

"Ta ló máa wọkọ̀ láti Adó wá béèrè owó ọ̀kadà?"

Doyinsọ́lá béèrè. Òun ni òṣìṣẹ́ tí àjọ náà rán wá, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Kò tíì mu omi tí wọ́n gbé fún un tán tó fi ní òun fẹ́ rí ẹni tó ń gbé àwọn aláboyún. Wọ́n pe Bánjọ ọlọ́kadà wọlé. Inú Bánjọ dùn, ó sì fẹ́ fi ọ̀gá rẹ̀ yangàn. Ó ní, "Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ni, àǹtí. Ìyá Nọ́ọ̀sì ò rẹ́ wa jẹ rí."

Motọ́lání fojú inú rí ara rẹ̀ bó ṣe ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, tí àwọn obìnrin tó gbẹ̀bí fún ń sún mọ́ ara wọn láti sọ̀rọ̀. Irọ́ mìíràn ti wà lẹ́nu rẹ̀, pé àlọ àti àbọ̀ ni mẹ́jọ náà. Bàbá Káńsù ti ń wúkọ́ láti sọ ọ́.

"Irọ́ la kọ síbẹ̀," ni Motọ́lání wí. "Èmi ni mo buwọ́ lù ú."

Doyinsọ́lá kò bínú, kò sì yìn ín. Ó ṣí ojú ìwé tuntun, ó ní kí Bánjọ sọ ohun tí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náà ń ṣe. Bánjọ ní iye ọjọ́ tí ilẹ̀ bá gbẹ nìyẹn. Bí òjò bá rọ̀, mẹ́fà ni. Bó bá dúró de obìnrin títí tó fi bímọ, kò ní rí èrò gbé lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni kì í san ìyẹn fún un. Nígbà tó ṣubú lóṣù kẹjọ, òun fúnra rẹ̀ ló tún ọ̀kadà rẹ̀ ṣe. Bí ọ̀rọ̀ bá sì le débi tí ọsibítù fi ní kí wọ́n gbé obìnrin lọ sí Adó, mọ́tò tí wọ́n máa gbà jẹ́ ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì. Motọ́lání ló ń san án. Kò kọ ọ́ sílẹ̀ rí, nítorí kò mọ̀ pé owó àpò òun náà jẹ́ ìnáwó.

Nígbà tí wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó di mílíọ̀nù mẹ́ta ó lé ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún. Ó ju irọ́ Bàbá Káńsù lọ.

Ẹ̀rù náà kò kúrò, ó kàn yí padà ni. Doyinsọ́lá ṣàlàyé pé mílíọ̀nù méjì ni òpin ohun tí àjọ àwọn lè fún ẹgbẹ́ tuntun lọ́dún àkọ́kọ́. Ó ní bí wọ́n bá fi mílíọ̀nù méjì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mílíọ̀nù mẹ́ta, owó á tán lóṣù kẹjọ, obìnrin kan á sì pe fóònù tí ẹnikẹ́ni kò ní dáhùn.

"Èwo lẹ máa yọ nínú àba márùn-ún náà, mà?"

Motọ́lání ní kò sí èyí tó ṣeé yọ. Ó ní òun á máa fi owó ìfẹ̀yìntì òun gbé àwọn tó kù. Doyinsọ́lá bi í ìgbà tí owó náà wọlé kẹ́yìn. Ó ti pé oṣù mẹ́ta. Ọmọbìnrin náà sún ètò ìnáwó náà síwájú rẹ̀.

Nígbà tó yá, Motọ́lání mú bírò, ó fa ìlà sórí Àba Ìrókò àti Àba Arò. Àwọn ló jìnnà jù, àwọn ló ń jẹ owó jù. Èyí tó kù kò tó mílíọ̀nù méjì. Ó mọ̀ dájú pé ibi tó jìnnà jù ni wọ́n ti nílò ọ̀kadà jù. Bàbá Káńsù buwọ́ lùwé láì wo ojú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ó ní kí Bánjọ gbé òun lọ sí Àba Ìrókò. Kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Àwọn obìnrin ń bẹ gbágùúdá lábẹ́ àtíbàbà, kòkó tí wọ́n sá wà níwájú wọn. Ó sọ ọ́ tààrà: láti oṣù kìíní, ẹgbẹ́ kò ní lè san owó ọ̀kadà wọn mọ́. Òun á tún tọrọ owó lọ́dún tó ń bọ̀. Ó fún wọn ní nọ́ńbà Bánjọ, ó sì sọ iye tí wọ́n máa san. Ẹnikẹ́ni kò bú u. Ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù jù.

Ọmọlará, tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́fà, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ṣé kí n lọ bí i sí àba àwọn tó kù ni, Màmá? Ẹ tètè sọ, kí n lọ wá ulé síbẹ̀."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Motọ́lání kò lè rẹ́rìn-ín. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Bí oṣù rẹ bá pé mẹ́jọ, máa bọ̀ nílé mi. Wá dúró dè é lọ́dọ̀ mi."

Ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró. Obìnrin kan fi ọ̀bẹ rẹ̀ sílẹ̀, ó rọra béèrè bóyá Ọmọlará nìkan ni wọ́n ń bá wí, torí òun náà ti lóyún. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹnìkẹta gbójú sókè.

Yàrá méjì ni Motọ́lání ní l'Èmùré. Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń ka iye wọn.